Fi Fọ́tò Rẹ Ránṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará àdúgbò wa ní Ìkìrun fi gbà pé ẹ̀rín ni mò ń rín jẹun lókè òkun. Èdè wa ló fà á. Màmá mi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ránṣọ, wọ́n á máa sọ fún àwọn oníbàárà pé, "Ọmọ mi ọkùnrin wà nílùú òyìnbó, fọ́tò ló ń yà." Bẹ́ẹ̀, lẹ́nu tiwa, ẹni tó di kámẹ́rà mú ń ya fọ́tò, ẹni tó jókòó síwájú kámẹ́rà náà ń ya fọ́tò. Oníbàárà á wá rò pé ojú mi ni àwọn òyìnbó fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tiẹ̀ bi Màmá léèrè pé irú aṣọ wo ni mo máa ń wọ̀ bí mo bá fẹ́ yà á. Màmá ní kóòtù dúdú ni. Wọn ò purọ́. Kóòtù dúdú kan ṣoṣo ni mo ní, òun náà ni mo sì ń wọ̀ dúró nínú òjò.

Ayàwòrán fún àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn ni mí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí nítorí ó rò pé fàájì ló wà nínú rẹ̀, kó kọ́kọ́ gbé àpò tó wúwo kọ́ èjìká, kó lọ dúró sídìí ògiri kan láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kó má sì jókòó. Ìdúró ni iṣẹ́ náà. A á tò síwájú ilé ẹjọ́, olúkúlùkù lórí àkàbà kékeré tirẹ̀, a á máa retí ọkùnrin kan tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Èmi tí mo dàgbà sí Ìkìrun, tó jẹ́ pé ọyẹ́ nìkan ni mo mọ̀ lótùútù, òtútù á wọ̀ mí débi eegun. Mo gé orí ìka ìbọ̀wọ́ mi kúrò kí n lè máa tẹ kámẹ́rà, ibẹ̀ gan-an ni òtútù sì máa ń bù jẹ. Nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, ẹnì kan á wá sọ fún wa pé ọkùnrin náà ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Kò sẹ́ni tí í bínú. A á ká àkàbà wa, a á lọ.

Bó bá sì gba iwájú jáde, ó di ìgbọ̀nwọ́. Ẹni tó bu tíì fún mi lọ́sàn-án á fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà, èmi náà á dá a padà. Lẹ́yìn náà a á sáré wọnú ọkọ̀, a á gbé kọ̀ǹpútà lé orúnkún, a á fi àwòrán ránṣẹ́ kí ti ẹlòmíràn tó dé. A á kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: ta nìyí, níbo ni, kí ló ń ṣe. Ní ọjọ́ mìíràn, àwọn ẹ̀ṣọ́ á gba gbogbo ẹgbẹ́ mi láyè wọlé, èmi nìkan ni wọ́n á ní kó mú káàdì jáde. Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà ni mo ya fọ́tò tó wà nínú káàdì ọ̀hún, kò jọ mí mọ́. Ẹ̀ṣọ́ á wò ó, á wò mí, á tún wò ó. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi kọjá ìbínú.

Bí mo bá pe ilé, ohun kan náà ni Màmá máa ń béèrè lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kí mi tán. "Ọmọ mi, fi fọ́tò rẹ ránṣẹ́."

Inú mi máa ń dùn. Mo rò pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n fẹ́ rí. Fọ́tò mi kúkú ni, ṣé èmi kọ́ ni mo yà á ni? Mo máa ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí àbúrò mi obìnrin, tíṣà tó ń gbé ní Òkukù, òun á lọ tẹ̀ wọ́n sórí bébà, á gbé wọn wá fún Màmá ní Ìkìrun. Bí mo ṣe fi mínísítà tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ránṣẹ́ nìyẹn, àti agbábọ́ọ̀lù tó dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yan kiri pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́, àti afárá tí àgbàrá gbé lọ. Màmá á gba fóònù.

"Mo rí fọ́tò rẹ o. O ṣeun, ọmọ mi. Níbo lo wà níbẹ̀?"

"Iwájú ni mo wà, Màmá. Iwájú pátápátá."

Ibi tí mo dúró sí ni mo ń sọ. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ wọn kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń tì sẹ́yìn. Màmá á ní, "Hẹn-ẹn, iwájú," ohùn wọn á sì rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Àbúrò mi gbìyànjú kí èmi àti Màmá máa rí ara wa lójú fóònù tirẹ̀. Ìgbà díẹ̀ la ṣe é. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fọ́ ojú mi sí wẹ́wẹ́, ẹnu á wà lápá kan, ojú á wà lápá kejì. Màmá ní kó gbé nǹkan yẹn kúrò níwájú àwọn, pé àwọn ò bí ọmọ àwọn ní àkúfọ́. Èmi náà kì í sì í kọ kámẹ́rà sí ara mi. Ẹni tó bá ti ń fi gbogbo ọjọ́ lé ojú olójú kiri, bó bá délé, ojú ara rẹ̀ kì í wù ú wò.

Nígbà tó yá, àbúrò mi pè mí lọ́jọ́ kan tí mo wà lórí àkàbà. "Bọ̀dá mi, Màmá ò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́ o. Wọ́n ti da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín." Mo sọ̀ kalẹ̀. N kò mọ bóyá ẹni tí à ń retí jáde lọ́jọ́ náà tàbí kò jáde.

Ilé ni mo forí lé. Bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ ní Òṣogbo kún bámú, àpò kámẹ́rà mi wà lórí itan mi, igò epo pupa ẹnì kan sì wà lórí ẹsẹ̀ mi títí tí a fi dé Ìkìrun. Màmá wà lórí àga lọ́ọ̀dẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n yí orí sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, bí adìyẹ ṣe máa ń ṣe bó bá fẹ́ wo ọkà.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá."

Wọ́n fa ojú mi mọ́ra. "Mo rí imú," ni wọ́n wí. "Imú ọmọ mi ni. Níbo ni ìyókù wà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Dókítà tó rí wọn ní Òṣogbo ti sọ fún àbúrò mi pé ìfúnpá inú ojú ni. Ojú ọ̀tún ti lọ pátápátá. Ti òsì ṣẹ́ ku ihò kékeré kan láàárín, bí ihò kọ́kọ́rọ́ ara ilẹ̀kùn. Ohun tó bá jìnnà ti di kùrukùru. Ohun tó bá sún mọ́ wọn, ìwọ̀nba tí ihò náà bá gbà ni wọ́n ń rí. Èyí tó ti lọ kò lè padà, wọ́n kàn ń kán oògùn sí i kí èyí tó kù má tètè lọ ni. Bí mo bá rọ̀ mọ́ Màmá, ojú kan ni wọ́n ń rí, tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Bí mo bá jìnnà kí gbogbo ojú mi lè wọ inú ihò náà, mo ti di èéfín.

"Mo fẹ́ rí ojú rẹ lódindi kí ihò yìí tó dí," ni Màmá sọ fún mi lọ́jọ́ kejì. "Àtọjọ́ tí mo ti ń sọ pé kó o fi fọ́tò rẹ ránṣẹ́."

Mo ní, "Màmá, ṣebí mo fi ránṣẹ́."

"Fọ́tò àwọn èèyàn lo fi ránṣẹ́. Mo sì wá ọ nínú wọn títí."

Ìgbà yẹn ló yé mi. Mo dìde, mo lọ wo ògiri pálọ̀ dáadáa. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀ nínú férémù: mínísítà, agbábọ́ọ̀lù, àwọn oníyanṣẹ́lódì, afárá. Ìyá arúgbó kan ní Ìkìrun ti dúró síwájú àwọn àjèjì wọ̀nyí ní ọdún dé ọdún, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ọmọ rẹ̀.

Férémù kan dá wà lápá ibi tí Màmá ti ń gbàdúrà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là àti aṣọ funfun wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ni wọ́n ń lọ, ìyá àdúrà sì ni wọ́n níbẹ̀. Inú fọ́tò yẹn, ọkùnrin dúdú kan kọ ẹ̀yìn sí wa, ó wọ kóòtù dúdú, ó dé fìlà, ó dojú kọ òkun. Òun ló wà níwájú pátápátá. Gíláàsì férémù náà ti jábọ́, ẹ̀yìn kóòtù ọkùnrin náà sì ti pọ́n. Mo fọwọ́ kàn án. Òróró ni.

"Òun ni wọ́n ń ta òróró sí láràárọ̀," ni àbúrò mi sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọ́n máa ń fi han àlejò pé, ọmọ mi nìyẹn, kò kọjú sí wa ni."

Mo rántí ọkùnrin náà. Ọkọ̀ ojú omi kan tó kó àwọn èèyàn wá láti apá ọ̀dọ̀ wa níbí ló dojú dé, wọ́n sì ń gbé òkú wá sí etí òkun. Wọ́n fi okùn dá àwa ayàwòrán dúró. Ọkùnrin yìí dúró síwájú okùn, kò sunkún, kò yíjú padà. Obìnrin aláàánú kan tó ń pín tíì sọ fún mi pé àbúrò ọkùnrin náà ló wà nínú ọkọ̀ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo yà, nítorí ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti lọ síwájú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ béèrè ohun tí wọ́n máa kọ sábẹ́ rẹ̀. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ọkùnrin kan ń wo òkun. Àwọn àgbà ní ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Lóòótọ́, láti ọjọ́ yẹn kò sí ohun tó ń bà mí lẹ́rù nídìí iṣẹ́ náà mọ́, kò sì sí ohun tó ń wù mí níbẹ̀.

N kò lè sọ fún Màmá pé àdúrà wọn ti ń ṣìlé. Mo ní kí n kọ́kọ́ wá ojú mi fún wọn ná.

Mo yẹ kọ̀ǹpútà mi wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí ojú ṣe pọ̀ tó nínú ayé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, tèmi ò sí. Àbúrò mi bá fi fóònù rẹ̀ yà mí níwájú ilé, a sì lọ sí Òkukù láti lọ sọ ọ́ di ńlá. Èmi ni mo ní kó tóbi. Mo rò pé ojú tó ń ṣe bàìbàì, ohun ńlá ló yẹ kéèyàn gbé síwájú rẹ̀. Férémù náà tó fèrèsé. Orí ọ̀kadà la gbé e padà wá, àbúrò mi dì í mú láàárín èmi àti òun, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ bí ẹní fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ wa. Ní Ìnísà, àwọn èèyàn tó rí fọ́tò ńlá tó ń bọ̀ lókèèrè ń ṣí fìlà, wọ́n ń kí wa kú àṣẹ̀yìndè. Mo ń juwọ́ sí wọn pé èmi ni, pé n kò tíì kú.

Màmá na ọwọ́ gba férémù náà, wọ́n gbé ojú òsì sún mọ́ ọn, wọ́n ń tọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Bọ́tìnnì," ni wọ́n wí. "Bọ́tìnnì tó dára ni. Ta ló rán an?"

A gbé e jìnnà. Ó di kùrukùru. A gbé e sún mọ́. Etí. "Ó dáa, ó dáa gan-an ni," ni Màmá ń sọ, irú èyí tí wọ́n máa ń sọ fún oníbàárà tí aṣọ kò bá bá lára mu. Inú bí mi sí férémù yẹn bíi pé kí n fẹsẹ̀ fọ́ ọ. Mo gbé e kọjú sí ògiri, mo jáde lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi rí Màmá tí wọ́n tọ ògiri jáde sínú oòrùn, Bíbélì lọ́wọ́. Wọ́n ṣí i, wọ́n mú nǹkan kékeré kan jáde láàárín rẹ̀, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú òsì bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀. Mo bi wọ́n pé kí nìyẹn.

"Bàbá rẹ ni mò ń kí," ni wọ́n dáhùn. "Òun nìkan ni mo ṣì ń rí délẹ̀."

Páspọ́ọ̀tù Bàbá ni, èyí tí wọ́n yà fún káàdì ibi iṣẹ́ kí wọ́n tó kú, kò ju àtàǹpàkò lọ. Gbogbo ojú Bàbá gba inú ihò náà.

N kò dúró jẹun. Ìnísà ni mo padà sí, nítorí mo ti rí ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán kan lójú ọ̀nà nígbà tí à ń bọ̀. Ọkùnrin tó ti dàgbà díẹ̀ ló ni ín, ó ta aṣọ funfun sára ògiri, ó gbé àpótí kan síwájú rẹ̀. Mo jókòó. Ó wá di orí mi mú, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, sà. Etí méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Fọ́tò ni mò ń yà."

"Mo mọ̀ pé fọ́tò lẹ wá yà. Mo ní iṣẹ́ yín."

Mo gbé àgbọ̀n sókè. Mo ti kọ kámẹ́rà sí ojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, n kò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn lódì kejì. Iná ta yẹ̀rì, ó parí. Ó pè mí wá síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Sà, ẹ má bínú o, abẹ́ ojú yín wú, ìlà sì wà níbí àti níbí. Ẹ jẹ́ kí n bá yín nù ún kúrò. Ìṣẹ́jú kan báyìí ni."

"Fi í sílẹ̀," ni mo sọ. "Ìyá mi ló fẹ́ wò ó."

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣì wà lọ́ọ̀dẹ̀ nígbà tí mo délé. Mo fi páspọ́ọ̀tù náà sí Màmá lọ́wọ́. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú òsì, wọ́n sún un síwájú díẹ̀, wọ́n sún un padà, ọwọ́ wọn wá dúró. Mo ti fi ìdúró ṣe iṣẹ́ jẹun, n kò dúró bẹ́ẹ̀ rí.

"Hẹn-ẹn," ni Màmá wí. Lẹ́yìn náà, "O ti hu ewú. Imú bàbá rẹ rèé. Etí méjèèjì pé." Wọ́n tún wò ó pẹ́. "Ó ti rẹ̀ ọ́, ọmọ mi."

Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Lọ́hùn-ún, ẹni tó bá sọ pé ó rẹ òun, ẹlòmíràn ti gba orí àkàbà rẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ mí, Màmá," ni mo sọ, omi sì bọ́ lójú mi. Inú mi dùn pé wọn ò lè rí i, ojú sì tì mí pé inú mi dùn sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Màmá fi páspọ́ọ̀tù náà sórí itan. "Ẹni tó kọ ẹ̀yìn sí wa lára ògiri yẹn, ìwọ kọ́."

"Ẹ ti mọ̀?"

"Ó ti pẹ́. O ní iwájú lo wà, òun ló wà níwájú, mo ní ìwọ ni. Nígbà tó yá, mo rí i pé kì í ṣe èjìká ọmọ mi. Àmọ́ mo ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà. Ṣé kí n wá lọ sọ fún Ọlọ́run pé mo ṣìlé, kó kó gbogbo rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni náà ni? Ta ni onítọ̀hún?"

Mo sọ fún wọn. Mo sọ nípa ọkọ̀ tó dojú dé, àti okùn, àti àbúrò tí ọkùnrin náà ń retí.

"Ṣé wọ́n rí àbúrò rẹ̀?"

"N ò mọ̀, Màmá. Wọ́n ti pè wá lọ síbòmíràn. A fi í sílẹ̀ níbẹ̀."

Màmá mirí. "Ìyá tiẹ̀ náà wà níbì kan, ó ń wá fọ́tò rẹ̀ kiri. Má yọ ọ́ kúrò. Mú tìrẹ yìí, lọ há a sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

Mo há páspọ́ọ̀tù náà sí etí férémù. Ọkùnrin náà kọ ẹ̀yìn sí wa, èmi kọjú sí wa. Màmá tọ ògiri wá, wọ́n fọwọ́ wá igò òróró, wọ́n ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́. Ọwọ́ wọn lọ tààrà sí ẹ̀yìn kóòtù ọkùnrin náà níbi tó ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ọwọ́ náà ré páspọ́ọ̀tù mi kọjá, ó ń wá iwájú orí mi nínú afẹ́fẹ́.

"Dúró jẹ́ẹ́," ni wọ́n wí.

Mo dúró.